Ọmọ Tí Wọ́n Bí Láìríran: Ta Ni Ó Jẹ̀bi?

 

Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ní ọjọ́ Àlàmísì kan tí àwọn ọmọ kéwú ti lọ sílé, obìnrin kan gbé ọmọ wọ ilé-kéwú wa. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó ṣíwájú, òun náà sì ń tẹ̀ lé e bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ sí kóòtù. Ọmọ náà kò ju ọmọ oṣù méje lọ. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ orí rẹ̀, a rí i pé ọmọlójú rẹ̀ méjèèjì, ibi tí ó yẹ kí ó dúdú, funfun bí omi ògì. Ìyá ọkọ ni ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn ti kìlọ̀ fún ìyàwó yìí nígbà tí ó wà nínú oyún pé kí ó má máa rìn lọ́sàn-án gangan, kò gbọ́. Ó ní àwọn aládùúgbò tilẹ̀ ń sọ pé bóyá ó ṣẹ̀ sí ẹnì kan ni. Ó fẹ́ kí a ṣe rúkíyà fún ọmọ, kí a sì tẹ ìyá rẹ̀ nínú kí ó jẹ́wọ́ ohun tí ó ṣe.

A ṣe àdúà. A ka Kùránì sínú omi fún wọn. A kò tẹ obìnrin náà nínú, a dúpẹ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ń dùn wá títí di òní pé, yàtọ̀ sí orúkọ ọmọ, a kò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó jókòó, ó sorí kodò, ó sì tún gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó sún wa dé ìdí ìwé. A ka ti Lárúbáwá, a ka ti Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí a sì bá níbẹ̀ ni a fẹ́ rò fún ẹ̀yin èwe Mùsùlùmí àti ẹ̀yin òbí lónìí. Ìtàn gígùn ni. Ó bẹ̀rẹ̀ láti inú Kùránì Alápọ̀nlé, ó gba Bagidádì àti Mísírà kọjá, ó dé ìlú kan ní Ọsirélíà níbi tí dókítà kan ti fetí sí ohun tí àwa kò fetí sí.

Nínú Súrà Ál-Imrán, áyà 49, àti Súrà Al-Máídà, áyà 110, Ọlọ́hun dárúkọ àwọn iṣẹ́ ìyanu tí Ó yọ̀ǹda fún Ànábì Ísà (kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Lára wọn ni pé ó ń wo akmah sàn, ó sì ń wo adẹ́tẹ̀ sàn, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Ọlọ́hun. Èdè Lárúbáwá ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún afọ́jú lásán, èyíinì ni a'má, òun ni ó sì wà nínú Súrà Abasa. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ akmah ni a bá níhìn-ín? Àwọn onítàfúsírì jíròrò lórí rẹ̀ gan-an. Bukhari mú un wá láti ọ̀dọ̀ Mujahid pé akmah ni ẹni tí ó ń ríran lọ́sàn-án tí kì í ríran lóru. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ìríran rẹ̀ kò dá ṣáká ni. Ṣùgbọ́n èyí tí Ibn Kathir sọ pé ó hàn jù, tí ó sì fi títóbi iṣẹ́ ìyanu náà hàn jù, ni pé ẹni tí wọ́n bí láìríran ni akmah. Ẹ ṣàkíyèsí i pé kì í ṣe ẹni tí ogbó tàbí ọgbẹ́ ba ojú rẹ̀ jẹ́ ni ibí yìí ń sọ. Ẹni tí kò ríran rí láti ilé ayé ni. Àwọn ará ìgbà náà mọ̀ pé apá oníṣègùn kankan kò ká irú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ iṣẹ́ ìyanu.

Súrà Abasa tí a dárúkọ yẹn, gbogbo ọmọ kéwú ni ó mọ̀ ọ́n lórí. Abdullah ọmọ Ummu Maktum, tí kò ríran, ni ó wá bá Ànábì wa nígbà tí Ànábì ń bá àwọn olórí Kuráíṣì sọ̀rọ̀. Ànábì fajú ro, Ọlọ́hun sì sọ áyà kalẹ̀ láti fi bá A̩yànfẹ́ Rẹ̀ wí nítorí afọ́jú kan. Láti ìgbà náà ni Ànábì ti ń pọ́n ọkùnrin yìí lé. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń pe ìrun ní Mẹdínà pẹ̀lú Bilal, Ànábì sì fi í ṣe adelé ní ìlú náà nígbà tí òun bá rìnrìn àjò.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Qatada ọmọ Di'ama, ará Básírà ní Ìráàkì. Láìríran ni wọ́n bí òun. Bí ẹ bá ṣí ìwé tàfúsírì Tabari tàbí ti Ibn Kathir, ẹ kò ní ka ojú ewé púpọ̀ kí ẹ tó kan orúkọ rẹ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Anas ọmọ Malik tí ó jẹ́ sàábé, ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Hasan al-Basri, ó sì tún lọ sí ọ̀dọ̀ Sa'id ọmọ Musayyab ní Mẹdínà. Ó bi Sa'id ní ìbéèrè títí ó fi rẹ̀ ẹ́, Sa'id sì jẹ́rìí pé kò sí ará Ìráàkì kan tí ó wá sí ọ̀dọ̀ òun tí ó ní orí pípé tó tirẹ̀. Ó kú ní nǹkan bí ọdún 117 Híjírà, èyíinì ni 735. Nínú gbogbo ohun tí a kà nípa rẹ̀, a kò rí ibi kan tí wọ́n ti ń wádìí ẹ̀ṣẹ̀ tí ìyá rẹ̀ dá.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a yà sí ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn. Orúkọ tí wọ́n ń pe oníṣègùn ojú láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Lárúbáwá ni kahhal. Inú kuhl ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, kuhl yìí náà sì ni tìróò tí àwọn ìyá wa ń lé sójú. Ní Bagidádì, Hunayn ọmọ Ishaq, tí ó kú ní 873, kọ ìwé mẹ́wàá lórí ojú. Krìstẹ́nì ni, abẹ́ àwọn kàlífà Mùsùlùmí ni ó sì ti ṣiṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá, Ali ọmọ Isa, tí wọ́n ń pè ní al-Kahhal, kọ ìwé ìrántí fún àwọn oníṣègùn ojú, ó sì ṣàlàyé àrùn ojú tí ó lé ní 130 sínú rẹ̀. Ní àsìkò kan náà, Ammar ọmọ Ali, ará Mósúlì, ń ṣiṣẹ́ ní Mísírà lábẹ́ kàlífà al-Hakim, tí ó jọba láti 996 sí 1021. Òun ni ó kọ nípa abẹ́rẹ́ onírin tí inú rẹ̀ dá lu, tí wọ́n fi ń fa ohun funfun tí ó bo ọmọlójú jáde. Àwọn Lárúbáwá gbà pé omi kan ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ojú. Nígbà tí àwọn òyìnbó túmọ̀ àwọn ìwé wọ̀nyí sí èdè Látìnì, wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí omi tí ń ya láti òkè pe àìsàn náà. Ọ̀rọ̀ yẹn ni àwọn dókítà sọ di kátárátì títí di òní.

A mọ̀ báyìí pé kì í ṣe omi. Nínú ojú wa, lẹ́yìn ọmọlójú, dígí kékeré kan wà tí Ọlọ́hun dá mọ́ gaara kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Bí dígí yìí bá di funfun, kátárátì nìyẹn. Nínú àgbàlagbà, ogbó ni ó sábà máa ń fà á. Kí ni ó ń fà á nínú ìkókó tí kò tíì lo ọjọ́ kan láyé? Ìbéèrè tí kò rí ìdáhùn fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún nìyẹn.

Kí a tó dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí kan tí a kò fẹ́ fò kọjá. Ibn Tufayl, ará Andalus, tí ó kú ní Marakẹ́ṣì ní 1185, kọ ìtàn Hayy ọmọ Yaqzan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ó ní kí a ro ẹnì kan tí wọ́n bí láìríran ṣùgbọ́n tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé. Ó dàgbà sínú ìlú kan, ó mọ àwọn ènìyàn ibẹ̀, ó mọ ọ̀nà àti ọjà nípa fífọwọ́kàn àti gbígbọ́, ó sì mọ orúkọ àwọn àwọ̀ nípa àlàyé tí wọ́n ṣe fún un. Bí ojú rẹ̀ bá là, Ibn Tufayl ní, yóò bá gbogbo nǹkan gẹ́gẹ́ bí ó ti rò ó, kìkì pé yóò mọ́lẹ̀ sí i, adùn rẹ̀ yóò sì pọ̀ sí i. Àpèjúwe ni ó fi èyí ṣe nípa ìmọ̀ Ọlọ́hun, kì í ṣe nípa ìṣègùn.

Ní 1728, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní London, William Cheselden, ròyìn nípa ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́tàlá kan tí òun ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí kò rántí pé òun ríran rí. Ojú rẹ̀ là. Ṣùgbọ́n kò rí bí Ibn Tufayl ti rò ó. Ọmọ náà kò mọ ohun tí ó jìnnà yàtọ̀ sí èyí tí ó súnmọ́. Ó rò pé gbogbo ohun tí òun ń rí ni ó fara kan ẹyinjú òun. Kò lè fi ojú mọ ológbò yàtọ̀ sí ajá, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ wọ́n dáadáa bí ó bá fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan ó mú ológbò, ó fọwọ́ pa á lára kínníkínní, ó tẹjú mọ́ ọn, ó sì sọ fún un pé lọ́jọ́ mìíràn òun yóò dá a mọ̀. Ìríran, ẹ̀kọ́ ni. A ní láti kọ́ ọ bí ọmọ ti ń kọ́ alífù àti bá.

Ó ju igba ọdún lọ lẹ́yìn náà kí a tó mọ bí ẹ̀kọ́ náà ti ń wọlé. Àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, David Hubel àti Torsten Wiesel, di ojú kan ọmọ ológbò láti kékeré fún oṣù díẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú u, ojú náà kò ní àbùkù kankan, síbẹ̀ kò ríran, nítorí pé ọpọlọ kò kọ́ bí a ti ń lò ó ní àkókò tí ó yẹ kí ó kọ́ ọ. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 1981. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń sọ nísinsìnyí pé ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú kátárátì tí ó dí ìríran gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ abẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n bí i, pàápàá bí ó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ni. Bí a bá dúró di ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, wọ́n lè mú funfun náà kúrò, ṣùgbọ́n ìríran tí ó dáa lè má dé mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé kí ọmọ kọ́kọ́ gbó díẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìlà wọ̀nyí lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ku ọ̀rọ̀ ohun tí ó ń fà á. Àwọn dókítà òyìnbó ayé àtijọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju àwọn aládùúgbò obìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá rí ọmọ tí ó ní àbùkù láti inú, wọ́n á ní inú ìdílé ni ó ti wá. Wọ́n gbà pé ibi ọmọ jẹ́ ògiri tí ń dáàbò bo oyún, wọn kò sì retí pé àìsàn kékeré ìyá lè gba ibẹ̀ kọjá lọ ba ojú ọmọ jẹ́. Ọkùnrin tí ó wó ìgbàgbọ́ yìí ni Norman Gregg. Ìlú Sydney ní Ọsirélíà ni wọ́n ti bí i ní 1892. Ó lọ sí Ogun Àgbáyé Kìíní gẹ́gẹ́ bí dókítà ọmọ ogun, ó gba àmì ẹ̀yẹ ìgboyà níbẹ̀, nígbà tí ó sì dé ni ó di dókítà ojú, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Sydney.

Ní 1941, Gregg ṣàkíyèsí ohun àjèjì. Dókítà ojú lè ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ kí ó tó rí ìwọ̀nba ìkókó díẹ̀ tí ó ní kátárátì. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, ńṣe ni wọ́n ń gbé wọn wá léraléra. Kátárátì náà sì jọra wọn: ó wà lójú méjèèjì nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, àárín rẹ̀ funfun kì, ojú àwọn mìíràn kéré ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn ọmọ náà rù, oúnjẹ wọn ṣòro, ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kò sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé ìdílé ni ó fà á, báwo ni ìdílé púpọ̀ tí kò bá ara wọn tan yóò ṣe gbé àbùkù kan náà jáde ní ọdún kan náà?

Ìtàn tí wọ́n sọ ni pé ọ̀rọ̀ àwọn ìyá ni ó ta sí i létí. Wọ́n jókòó síta, wọ́n ń dúró kí ó pè wọ́n, wọ́n sì ń bá ara wọn tàkúrọ̀sọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe obìnrin tí ìyà kan náà jẹ. Ọ̀kan ní òun ní èéyi Jámánì nígbà tí òun wà nínú oyún ọmọ yìí. Èkejì ní òun náà ní in. Wọ́n wá ń bi ara wọn bóyá ó lè jẹ́ òun ni ó ṣe ọmọ. Dókítà mìíràn ì bá rẹ́rìn-ín. Gregg kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ ka oṣù sẹ́yìn láti ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ náà, ó sì bá a pé ìbẹ̀rẹ̀ oyún wọn bọ́ sí àsìkò tí àjàkálẹ̀ èéyi Jámánì jà ní Ọsirélíà ní 1940, nígbà tí àwọn ọmọ ogun kún àgọ́ fọ́fọ́.

Èéyi Jámánì yìí, tí àwọn dókítà ń pè ní rùbẹ́là, kì í ṣe èéyi ńlá tí a mọ̀. Àìsàn wẹ́wẹ́ ni. Ara á gbóná díẹ̀, wóró-wóró á yọ sára, kókó lè so lẹ́yìn etí, láàárín ọjọ́ mẹ́ta ó ti lọ. Ẹlòmíràn ní in kò tilẹ̀ mọ̀. Jámánì sì kọ́ ni ó ti wá. Àwọn dókítà ilẹ̀ Jámánì ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́tọ̀, orúkọ ìlú wọn wá lẹ̀ mọ́ ọn.

Gregg kọ̀wé sí àwọn dókítà ojú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Àpapọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n kó jọ jẹ́ 78. Nínú wọn, àwọn 68 ni ìyá wọn ní rùbẹ́là nígbà oyún, oṣù kìíní tàbí oṣù kejì ni ó sì jẹ́ fún èyí tí ó pọ̀ jù, kí àwọn mìíràn tilẹ̀ tó mọ̀ pé àwọn ti lóyún. Àwọn 44 nínú 78 ni wọ́n rí àbùkù ọkàn lára wọn. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá 1941, ó ka ìwé rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ àwọn dókítà ojú Ọsirélíà ní Melbourne. Nígbà tí ìròyìn rẹ̀ sì tàn kálẹ̀, àwọn ìyá ni ó tún jẹ́ kí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ojú, pé àwọn ọmọ kan yọ nínú ti ojú ṣùgbọ́n etí wọn di.

Ṣé wọ́n gbà á gbọ́? Rárá o. Charles Swan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Adelaide yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì bá a bẹ́ẹ̀ ní 1943, ṣùgbọ́n ní London, The Lancet tí àwọn dókítà gbogbo ayé ń kà kọ ọ́ ní 1944 pé kò tíì fi ẹ̀rí gidi hàn. Ohun tí ó ń kọ wọ́n lóminú ni pé ìrántí àwọn obìnrin ni Gregg gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé. A kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá ṣe ẹ̀rí, àfi bí ọ̀mọ̀wé bá tún un sọ.

Ẹni tí ó tú iyàn náà ká jẹ́ oníṣirò. Oliver Lancaster kó ìwé ìkànìyàn Ọsirélíà tì í, ó ń wá iye àwọn adití àti ọdún tí wọ́n bí wọn. Ó rí i pé adití kò pọ̀ bákan náà lọ́dọọdún. Àwọn ọdún kan wà tí iye wọn ga fíofío, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni 1899, àwọn ọdún náà sì ń tẹ̀ lé ìgbà tí rùbẹ́là bá jà. Ó tẹ iṣẹ́ yìí jáde ní 1951. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ní nǹkan bí ogójì ọdún kí Gregg tó gbọ́ ohun tí ó gbọ́, àwọn ìyá kan ti bí ọmọ lábẹ́ àjàkálẹ̀ kan náà, ìkànìyàn 1911 sì ti ka àwọn ọmọ wọn, orúkọ adití wà nínú ìwé ìjọba, kò sì sí ẹni tí ó bi àwọn ìyá náà léèrè pé kí ni ó ṣe yín nígbà oyún.

Bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Dígí inú ojú tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan máa ń dá ara rẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkeje oyún, nígbà tí ọmọ kò tíì tó èso ẹ̀wà. Àkókò yẹn náà ni ọkàn àti inú etí ń dá. Kòkòrò àìfojúrí rùbẹ́là a máa gba ibi ọmọ kọjá. Bí ó bá wọlé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ yìí, ewu àbùkù lè tó mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Bí oyún bá ti kọjá ìdajì, ewu náà ti lọ sílẹ̀ gan-an. Kì í ṣe oòrùn ọ̀sán. Kì í ṣe ohun tí ìyá wò, kì í sì í ṣe ẹni tí ó ṣẹ̀.

Wọ́n sọ Gregg di Sir ní 1953. Ní 1962 ni wọ́n rí kòkòrò náà mú ní ilé àyẹ̀wò ní Amẹ́ríkà, kò sì pẹ́ tí àjàkálẹ̀ ńlá fi jà níbẹ̀ ní 1964 àti 1965. Nǹkan bí 20,000 ọmọ ni wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù rẹ̀, adití lé ní 11,000 nínú wọn, àwọn tí kò ríran sì tó 3,500. Gregg kú ní 1966. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1969, ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rùbẹ́là jáde ní Amẹ́ríkà. Ní 2015, wọ́n kéde pé àìsàn náà kò tàn kálẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Àríwá àti ti Gúúsù. Ní Áfíríkà àti Éṣíà kò tíì rí bẹ́ẹ̀: àjọ ìlera àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 32,000 ọmọ ni wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù yìí ní 2019 ní gbogbo ayé.

Ní Nàìjíríà, oṣù kẹwàá 2025 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ tí ó pa èéyi àti rùbẹ́là pọ̀. Ọdún 56 ni ó wà láàárín 1969 àti ìgbà yẹn. A kò gbàgbé pé ní 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Òkè Ọya kọ àjẹsára rọparọsẹ̀ nítorí ìfura, àwọn ará Kano kò sì gbà á padà àfi ní 2004 nígbà tí wọ́n kó èyí tí wọ́n ṣe ní Indonéṣíà, ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí, wá fún wọn. Àwọn ọmọ tí ó di arọ láàárín rẹ̀, ilé àwa Mùsùlùmí ni wọ́n pọ̀ sí jù. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá dìde sórí míńbárì láti ba abẹ́rẹ́ yìí lórúkọ jẹ́, kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ó mọ̀ fún wa, kí ó má kàn sọ ohun tí ó gbọ́.

Ẹ má ṣe rò pé rùbẹ́là ni ó ń fa gbogbo rẹ̀ o. Àwọn kan ń gba inú ẹ̀jẹ̀ wá ní tòótọ́, kì í sì í ṣe ìyá nìkan ni ó ń fi í lé ọmọ lọ́wọ́. Irú kan wà tí ó jẹ́ pé bàbá ní ìdajì rẹ̀, ìyá ní ìdajì, àwọn méjèèjì ń ríran kedere, ìgbà tí ìdajì méjì bá pàdé lára ọmọ ni ó tó hàn. Àìsàn ojú líle tí a ń pè ní gìlọ́kómà, èyí tí wọ́n ń bí mọ́ ọmọ, sábà máa ń gba ọ̀nà yìí. Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, nǹkan bí ọmọ kan nínú 10,000 ni ó ń ní in. Ní Saudi Arabia, níbi tí àwọn ìbátan ti ń fẹ́ ara wọn púpọ̀, nǹkan bí ọ̀kan nínú 2,500 ni. Ẹ̀sìn kò ka irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, Yorùbá ni kì í fẹ́ ìbátan rẹ̀. A kàn ń sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ fún àwọn tí ó bá fẹ́ ṣe é ni, kí wọ́n lè kọ́kọ́ bi ìdílé léèrè.

Gìlọ́kómà ìkókó yìí tún ní ẹ̀tàn kan. Kì í funfun níbẹ̀rẹ̀. Ńṣe ni ẹyinjú ọmọ máa ń tóbi, tí àwọn àlejò ìsọmọlórúkọ á máa yìn ín pé ojú rẹ̀ ńlá, ó rẹwà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń sá fún ìmọ́lẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀ láìsunkún, dúdú ojú rẹ̀ sì lè máa ṣú bí dígí tí èémí fẹ́ lù. Funfun nínú ọmọlójú pẹ̀lú, kì í ṣe kátárátì nìkan ni. Jẹjẹrẹ inú ojú lè fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìyẹn sì lè gba ẹ̀mí. Ojú tí ń jó lọ jó bọ̀ láìdúró, ojú kan tí ó kéré sí èkejì, ọmọ oṣù mẹ́ta tí kì í tẹjú mọ́ ìyá rẹ̀: gbogbo ìwọ̀nyí, ọ̀dọ̀ dókítà ojú ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ, kí àdúà sì máa bá wọn lọ. Ànábì wa ni ó fi kọ́ wa pé kò sí àìsàn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ tí kò sọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀.

Ọmọ oṣù méje ìjọ́sí, ọdún kẹrin ni wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó ń rí òjìji, ó mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru, kò lè rí lẹ́tà kà. Ọ̀dọ̀ wa ni ó ti kéwú, etí ni ó fi gbà á, ó sì há Kùránì sórí tán kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Òun ni ó ń pe ìrun Àsùbáà ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa báyìí.

Ní ọjọ́ wọ̀límọ̀ rẹ̀, a pe ìyá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, a sì bi í ní ìbéèrè tí ó yẹ kí a ti bi í ní ọjọ́ Àlàmísì yẹn. Ó ronú díẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tí oyún náà wà ní nǹkan bí oṣù kejì, wóró-wóró yọ sí òun lára fún ọjọ́ bíi mẹ́ta, àbúrò òun tí ó wà lọ́dọ̀ òun ní in ṣáájú, àwọn sì rò pé ooru ni. A ṣàlàyé fún un pé kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà lẹ́yìn ọdún púpọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òun, àti pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Ó fi ìbòrí nu ojú. Ó ní, "Áfáà, ṣé ẹ lè bá mi sọ báyìí fún ìyá ọkọ mi?"

Ìyá náà ti kú ní Ramadan èṣí.